Mílímítà Méjìdínlógún Nínú Ìyá Rẹ

Láti ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé, lórí tábìlì tí mi ò tíì fá tán.

Ọmọ mi,

Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn fúnra mi lọ́dún tí ìyá rẹ ní aṣọ ìyàwó méje láti rán, mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́físì kì í fojú di ọ́? Ọlọ́run tó ń di ìṣó mú nínú igi tí kì í jẹ́ kó yọ, yóò di ìwọ náà mú. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ìbànújẹ́, wọn ò ní rántí orúkọ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá kejì, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ pé ìwé ni mò ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti mú bírò.

Kí o tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù tó o rà fún mi, mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì jọ ẹni tó kàwé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo fẹ́ sọ, inú mi dùn pé obìnrin ló gbé e, mo sì ro gbogbo ohun tó ń ṣe ìyá rẹ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀, pé o ò sí nítòsí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo bi í pé ọdún mélòó ló ti fi ń bá ọ ṣiṣẹ́, ó tún ní o ò sí nítòsí. Bí kò bá jíṣẹ́ fún ọ, bá a wí, ṣùgbọ́n má lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó lè ní ọmọ tó ń tọ́. Èmi ti padà sídìí ìwé tèmi, ìwé kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Fara balẹ̀ kà á, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́, torí ojú ti tì mí tán fún àwa méjèèjì. Ìyá rẹ ń rí ẹ̀jẹ̀. O mọ̀ pé ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró láti bí ọdún mẹ́wàá. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa, bó bá wá lónìí a tún lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ kí n tó jí, ó sì ń sá a sábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà kí n má bàa rí i. Èmi tí mo lè wo pákó láti òkèèrè kí n ní ó fi ìdajì ìka wọ́, mi ò rí i fún odidi oṣù mẹ́rin.

Ọjọ́ tí mo wá rí i, ọmọ mi, jọ̀wọ́ má bínú sí mi, inú mi dùn ni. Mo ní ìyá rẹ ti padà di ọmọge. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì gbà pé igo fítámì tó o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ló ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ya obìnrin tó ń sáré sí lára. Ìyá rẹ ní kí n yé sọ ìsọkúsọ, àmọ́ mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo bá gbé ẹ̀rín yẹn lọ sọ́dọ̀ bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní, ṣé ó ń wò wá, tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bíríkìlà wò mí tìlara-tìlara. Lọ́jọ́ kejì ó wá tọrọ hóró mẹ́rin nínú fítámì náà fún ìyàwó tirẹ̀, mo fún un ní mẹ́ta. Èmi náà bá lọ yan pákó, èyí tó fúyẹ́ tó sì dán, tí kò ní ẹ̀gún kankan, mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ibùsùn ọmọ, irú èyí tó máa ń mì. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀yìn ilé ìwé ló gba ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó wá béèrè kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kí n bá òun ṣe, ó rí ibùsùn náà, ó ní ta ló bímọ. Mo ní wọn ò tíì bí i, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níbàdí. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bàbá, kì í ṣe èwe ló padà dé o. Ó ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró fún ọdún kan gbáko, tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo lára aṣọ, kò gbọ́dọ̀ fi sùn, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ohun tó le, àmọ́ nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni, ẹni tó bá sì tètè lọ ló ń tètè bọ́. Ó bi mí bóyá omi tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran ń wá lára rẹ̀, bóyá ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, bóyá ó ń rù láìgbààwẹ̀. Mi ò mọ ọ̀kankan. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, gbogbo ohun tí mo lè sọ dájú kò ju pé kì í fẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé lọ. Nọ́ọ̀sì wọlé lọ bi ìyá rẹ fúnra rẹ̀, ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú mẹ́ta.

Mo tú ibùsùn náà kí ilẹ̀ tó ṣú, mo fi pákó rẹ̀ kan àpótí tí ìyá rẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Mo lọ gba hóró mẹ́ta mi padà lọ́wọ́ bíríkìlà. Ó ti fúnra rẹ̀ gbé méjì mì.

Ìrìn wákàtí méjì ni ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, mo ní kí ìyá rẹ fà á lé mi lọ́wọ́, èmi tí mo ti ń kọ ìwé iṣẹ́ fún oníbàárà láti ogójì ọdún. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí, mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ mélòó ló bí, mo kọ ọ̀kan, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè mọ irú ọmọ tó jẹ́. Wọ́n wá béèrè gíga àti ìwọ̀n, nǹkan tí mo mọ̀ dunjú nìyẹn. Mo ní kí ìyá rẹ dìde dúró, mo fa téèpù jáde lápò, mo wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀, mo wọ̀n ọ́n láti èjìká sí èjìká, mo wọ̀n ọ́n láti àyà dé ẹ̀yìn, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣí fìlà. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. Òmíràn rọra sún mọ́ mi, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ ò bá tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú wọn ná. Ìgbà yẹn ló tó yé mi bí ó ti rí lójú ayé, kí káfíńtà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kó máa wọn ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ gba téèpù náà, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, kò tíì dá a padà di òní. Wọ́n sì ní kìlógíráàmù ni ìwọ̀n tí àwọn ń béèrè.

Dókítà obìnrin ni, kò tó ọ lọ́jọ́ orí, ó fi gíláàsì sójú. Ó mú ìyá rẹ wọ yàrá tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú wà, ó ní kí n dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó ṣe tán, ó ní awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ ìyá rẹ nípọn tó mílímítà méjìdínlógún. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní dókítà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, pákó méjìdínlógún náà ni mo fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, kò nípọn rárá, bí wọ́n bá to ìwé lé e ó máa tẹ̀ ni. Ó ní fún obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀, kò yẹ kó ju mẹ́rin lọ. Mo ní mẹ́rin kẹ̀? Mẹ́rin ni pákó síìlì tí a fi ń bo abẹ́ òrùlé, bí ológbò bá bẹ́ lé e yóò gbà á kọjá sínú yàrá. Ó ní bàbá, síìlì yẹn gan-an lèmi ń wá. Mo ti múra láti là á yé e, torí ẹni tó mọ pákó ló ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá rẹ sọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì pé kí n jẹ́ kí ẹni tó kàwé sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà ni a wà nígbà tó wá yé mi. Pákó tó bá ń nípọn sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kún un, inú ló ti ń bàjẹ́.

Dókítà ní ìnípọn nìkan kò tó fi dájọ́. Ó fi ohun èlò tín-ín-rín kan mú ẹran díẹ̀ jáde níbẹ̀, kò tó ẹ̀rún pákó tó máa ń kó sí mi lójú. Ìyá rẹ ní ó dun òun bí inú rírun ìgbà ọmọge, ó sì tán. Wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wà, wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, mi ò gé igi kan tó tọ́. Ẹni tó ní kí n ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá mẹ́ta gígùn àti ọ̀kan kúkúrú.

Nígbà tí a padà, dókítà ti ilẹ̀kùn, kò sì jókòó sídìí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ló jókòó sí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ni níbi tí mi ò lè dárúkọ fún ọmọ mi obìnrin, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní inú awọ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, àti pé bí àwòrán ṣe fi hàn, kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe, wọ́n á yọ ilé ọmọ náà, pẹ̀lú ibi tí ẹyin ń gbé àti ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, lẹ́yìn náà wọ́n á yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí ó bá ti wọlé jinlẹ̀, wọ́n lè fi ìtànṣán kún un, tàbí oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan, àmọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ló máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá tètè dé. Mo béèrè bóyá ó lè ràn mí. Ó wò mí títí, ó ní bàbá, ibo lẹ fẹ́ gbé e sí? Mo béèrè bóyá ẹnì kan ló fi ṣe é. Ó ní rárá, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ara tó bá sanra jù àti àtọ̀gbẹ lè ràn án lọ́wọ́, ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí. Ìyá rẹ wò mí nígbà tó sọ ti ìsanra, torí èmi ni mo máa ń ní kó bu sí i.

Ó tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ìfun rí. Ìyá rẹ ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, èyí tí a sọ pé àgbà ló pa á, ẹ̀gbọ́n náà rí ẹ̀jẹ̀ kó tó kú, òun ló ń bá a fọ aṣọ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ wọn tó wà nílùú ńlá sọ èyí fún dókítà tirẹ̀, bí ó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ lásìkò tí kò yẹ, kó má ṣe fi bò. Mo ti jíṣẹ́ o. Má sọ pé o kò gbọ́.

Títí dé ibí yìí, ìyá rẹ ń gbọ́, ó ń mi orí. Wọ́n gbé ìwé wá pé kó bu ọwọ́ lù ú pé òun gbà kí wọ́n yọ ọ́. Ó mú bírò, ó ka ìwé náà, ó sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ta ni wọ́n máa fún. Dókítà ní wọn kì í fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á dà á nù bó ṣe yẹ. Ìyá rẹ ní kò ṣeé ṣe.

O mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò da ègé aṣọ oníbàárà nù rí láyé rẹ̀. Bí o bá gbé yáàdì márùn-ún wá tí aṣọ rẹ gba mẹ́rin àbọ̀, gbogbo ègé tó kù, títí dé èyí tí kò lè bo ìka, yóò dì í sínú ọ̀rá fún ọ, ìwọ náà yóò sì bu ọwọ́ lu ìwé ńlá rẹ̀ pé o ti gba aṣọ, o ti gba ègé, kò sí nǹkan rẹ lọ́wọ́ òun mọ́. Ègé aṣọ obìnrin kan tó ti kú wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa fún ọdún mẹ́jọ báyìí, torí ọmọ rẹ̀ kò tíì wá gbà á. Ó wá sọ fún dókítà pé ohun tó wà nínú òun yìí, òun ló gbé e, àmọ́ òun kọ́ ló lò ó. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó láyé, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, ẹni náà wà láàyè, ó sì ní àdírẹ́sì. Ó ní òun ò lè yọ̀ǹda kí wọ́n da nǹkan oníbàárà nù láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i. Dókítà yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà wá sílé wá bẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìmọ ohun tó ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa dìde, òun ò kọ iṣẹ́ abẹ, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn kọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó máa retí oníbàárà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un. Bí kò bá yọjú, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó sì di nǹkan bí oṣù méjì kó tó tún kàn án. Dókítà ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní dúró dè wá fún oṣù méjì.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Mo gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀ lánàá, ó ní bí wọ́n bá mú èyí kúrò, kí ló kù tí òun fẹ́ fi hàn ayé pé òun bímọ rí. Ọdún kẹta rèé tí a ti rí ọ gbẹ̀yìn. Mi ò bá ọ wí, mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń di èèyàn mú, èmi náà ti pa ọjọ́ ìbí rẹ jẹ rí nítorí ilẹ̀kùn ẹnì kan. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé kọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ òrùlé, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ilé yìí tí ìyá rẹ ò bá sí nínú rẹ̀.

Ó ti ya ojú ewé kan nínú ìwé ńlá rẹ̀, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Orúkọ oníbàárà, ó kọ ọmọ mi. Ọjọ́ tó gbà á, ó kọ ọjọ́ tí a bí ọ, pẹ̀lú aago rẹ̀. Níbi tí ó máa ń kọ ohun tí oníbàárà bá ráhùn lé lórí sí, bóyá ó há jù tàbí ó ṣò, ó kọ pé kò ráhùn. Ibi ìbuwọ́lù nìkan ló ṣófo.

Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Awakọ̀ tó ń bá wa gbé ìwé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ajé, kò sì ní padà síbí títí di ọjọ́ Ẹtì mìíràn, ìyẹn lẹ́yìn tí bẹ́ẹ̀dì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nípa ti owó, o mọ̀ pé mi ò parí lẹ́tà sí ọ rí láìbéèrè, mo sì fẹ́ béèrè. Mú iye tó o máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà. Taya kò ní bẹ́ lábẹ́ rẹ, awakọ̀ tó máa gbé ọ kò ní sùn lẹ́nu iṣẹ́. Bí a ṣe bí ọ láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà yóò bá wa mú ìyá rẹ jáde láìsí wàhálà. O ò ní pẹ́ dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí ìyá rẹ ké sí mi láti yàrá kejì. Ó ní òfin kan wà nínú ìwé òun tí mi ò bá òun kọ, pé ojú òun ni oníbàárà ti gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lù ú.